Kí Ẹ̀jẹ̀ Bá Áńbúláǹsì Jáde ní Adó

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ ọjà Ìwòrókò, nítòsí Adó-Èkìtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà lára àwọn tó kú. Ìwòrókò sí Adó kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kì í dúró de súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju bíi lítà márùn-ún lọ. Bí méjì bá fi dà nù, ewu ti wu onítọ̀hún nìyẹn.

Kí ni òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì lè ṣe? Yóò di ojú ọgbẹ́ pinpin, yóò fa omi dríìpù sí i lára. Omi yẹn lè gbé ìfúnpá ró díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé atẹ́gùn dé ọpọlọ, ńṣe ló sì ń bu omi la ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ní kí òfin gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè láti fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí Èkìtì gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Láti 2012 ni àwọn dókítà tó ń fi hẹlikópítà gbé aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ dání. Síbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2022, lórí ènìyàn 432, kò fi hàn pé àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà sàn ju àwọn tó gba omi iyọ̀ lọ. Àwọn alátakò á gbá èyí mú. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún ti dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà.

Níbí ńkọ́? Wọ́n lè gbé aláìsàn dé kí wọ́n ní kí ẹbí lọ wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò, fóònù létí, á máa pe àbúrò, á máa pe ará ìjọ. Ẹni tó bá jàjà dé, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C, àti sífílíìsì, wọ́n á tún wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti aláìsàn mu.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣòro rí báyìí, ẹni tí a ti lè mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, ìyẹn abiyamọ, ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìjàǹbá mọ́tò. Obìnrin bímọ ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìgèdè, ẹ̀jẹ̀ kò dá, agbẹ̀bí ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ ní Adó. Áńbúláǹsì tó ń ti Adó lọ gbé e, òfìfo ló ń lọ! Kí ló dé tí kò lè gbé báàgì ẹ̀jẹ̀ méjì dání nínú kúlà? Nọ́ọ̀sì ti wà lọ́dọ̀ aláìsàn, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà nínú káàdì aboyún rẹ̀, wọ́n sì lè bèèrè bóyá Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni, torí àwọn yẹn kì í gbà á. Èyí tí wọn kò bá lò, tí òtútù rẹ̀ kò yẹ̀, kó padà sí báńkì. LifeBank tí Temie Giwa-Tubosun dá sílẹ̀ ní Èkó ti ń fi ọ̀kadà gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí náà ọ̀nà wa kọ́ ni ìṣòro.

Ìṣòro ni ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ O pọ̀ láàárín Yorùbá, O nẹ́gẹ́tífù ló ṣọ̀wọ́n, òun sì ni wọ́n ń wá fún obìnrin tí wọn kò bá mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìlú tó ní yunifásítì àti Pólì Ìjọba Àpapọ̀ kò yẹ kó ṣàìní orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀.

Ní ti owó, Òfin Ìlera 2014 ti ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó àkànṣe ìlera sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Kí wọ́n fi ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ dán an wò fún ọdún kan, kí wọ́n kọ wákàtí tí báàgì kọ̀ọ̀kan jáde àti ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Kó tó dìgbà náà, kò sí àwáwí fún áńbúláǹsì tí kò ní tranexamic acid, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ dídà kù, tí àwọn abiyamọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n fi dán an wò nínú ìwádìí WOMAN tó jáde ní 2017, tàbí aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ ẹsẹ̀ àti ikùn ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladosu Ojengbede ti UCH Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Kò sí èyí tó nílò iná NEPA nínú méjèèjì.