Kòkòrò Kan Ṣoṣo Nínú Àgbàdo

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àgbàdo rí. Ní ọdún 2016 ni a kọ́kọ́ rí kòkòrò kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Spodoptera frugiperda. Ọ̀ràn rẹ̀ kan ẹni tí ó ní oko ńlá, ó sì kan ẹni tí ó gbin poro díẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò.

Àwọn kan ń wí pé, níwọ̀n bí àwọn kòkòrò yìí ti ń pa ara wọn jẹ, kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe ara wọn tán. Ọ̀rọ̀ náà dùn ní etí, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ni.

Ẹ kíyè sí ìwà wọn. Àfòpiná tí í ṣe ìyá wọn a máa yé ẹyin ní òru, 100 sí 200 ní ìdì kan, a sì fi irun ara rẹ̀ bò ó. Àwọn ọmọ a jọ máa họ ewé jẹ. Lẹ́yìn náà wọn a fọ́n ká. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà, tí àyè há, tí oúnjẹ sì dín, èyí tí ó tóbi a pa èyí tí ó kéré jẹ. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ọ̀kan tàbí méjì ni a sábà ń bá nínú igi àgbàdo kan. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kù ni ó ṣẹ́gun. Ọjọ́ ìkẹyìn ìdàgbà rẹ̀ ni ó sì ń jẹun jù lọ. Òun nìkan tó láti ba igi náà jẹ́.

Ó ní ìbátan kan ní Áfíríkà, Spodoptera exempta. Bí ó bá dá gbé, àwọ̀ rẹ̀ a dàbí ewé tútù, a sì fara pamọ́ sí ìdí koríko. Bí wọ́n bá pọ̀ lójú kan, wọn a di dúdú, wọn a yára dàgbà, wọn a sì jọ rìn láti oko dé oko. Ọ̀pọ̀ kò sọ wọ́n di aláìlera rárá.

Nítorí náà, kí àgbẹ̀ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìjà àwọn kòkòrò. Kí ó máa yẹ àgbàdo rẹ̀ wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ìgbà tí ó bá ti hù. Kí ó fi ìka tẹ ìdì ẹyin fọ́. Kí ó sì mú àwọn ọmọ kúrò kí wọ́n tó wọ àárín ewé lọ, níbi tí oògùn kì í ti í rọrùn láti bá wọn. Kí àwọn tí oko wọn pààlà jọ ṣe é ní ọjọ́ kan náà, nítorí àfòpiná kò mọ ààlà. Ẹni tí ó bá ń dúró kí kòkòrò jẹ ara wọn tán, àgbàdo rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tán.