Jẹjẹrẹ Awọ Tó Ń Jọ Làpálàpá: Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Náà Wò

Ìwádìí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé ẹni tó bá ní irúfẹ́ jẹjẹrẹ awọ kan tí kò wọ́pọ̀, tí wọ́n ń pè ní mycosis fungoides, wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ láti tún ní jẹjẹrẹ tó jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀, pàápàá Hodgkin lymphoma. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, àkọsílẹ̀ fi hàn pé àrùn náà ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ, ọjọ́ orí wọn sì máa ń kéré sí ti àwọn yẹn nígbà tó bá mú wọn.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ń ṣini lọ́nà. Dókítà ará Faransé, Jean-Louis Alibert, tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1806, rí i pé kókó ara aláìsàn náà jọ olú, ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Kì í ṣe làpálàpá rárá. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó máa gbèjà ara, ló ya pòókíì, tó lọ tẹ̀dó sínú awọ. Lára ẹni dúdú, ó lè kọ́kọ́ yọ bí àbàwọ́n tó funfun díẹ̀. Ṣé ẹ rí ibi tí wàhálà wà? Ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ni èèyàn ń gbà lọ. Wọ́n á ta ìpara tó ní steroid fún un, ara á tù ú díẹ̀, àrùn á tún yọjú, ọdún á sì máa gorí ọdún. Àwọn mìíràn rò pé ẹ̀tẹ̀ ni, wọ́n á fara pamọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ti awọ ni yóò ní ti ẹ̀jẹ̀ o. Àwọn tó ń ní in kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan wà tí àwọn fúnra wọn lè ba mùdùnmúdùn eegun jẹ́. Nítorí náà, kí aláìsàn má ṣe pa ilé ìwòsàn tì nígbà tí awọ bá ti dán. Bí kókó bá yọ ní ọrùn tàbí abíyá, bí ibà tàbí òógùn òru kò bá lọ, bí ó bá ń rù láìnídìí, kó tètè padà lọ.

Òfin 2017 ló dá àjọ NICRAT sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, òfin 2022 sì sọ ìṣedúró ìlera di dandan. Ó yẹ kí méjèèjì dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti orí owó gígé awọ fún àyẹ̀wò, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábà tó kó tó hàn pé jẹjẹrẹ ni.