Ẹ Béèrè Kí Bíríkìlà Tó Gbẹ́ Ìpìlẹ̀

Ọ̀rọ̀ tiwa lóṣù yìí kì í ṣe ti ọjà, ti ilé ni. Ìjà àárín ọmọ ẹgbẹ́ àti bíríkìlà ti ń pọ̀ jù. Ẹ lọ sí ọ̀nà Ẹdẹ, ẹ lọ sí ọ̀nà Òǹdó, ẹ ó rí ilé tó dúró sí líńtẹ̀lì, tí koríko ti bò. Owó àjọ ti tán, onílé àti bíríkìlà kò sì kí ara wọn mọ́.

Ohun tó ń yà wá lẹ́nu ni pé àwa yìí kan náà ni kò sẹ́ni tó lè fi kóńgò ẹ̀tàn wọn gàrí fún. A ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n ata kí a tó dá owó lé e. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ilé, bíríkìlà á ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, iye báyìí ló máa gbé e dé òrùlé," àwa náà á sì ka owó fún un, láìbéèrè ohun tó wà nínú "dé òrùlé" yẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé kíkó iyẹ̀pẹ̀ kún inú ìpìlẹ̀ wà nínú owó iṣẹ́? Bí tipa kò bá rọ́nà wọlé, ta ló máa sanwó lébìrà tí yóò ru búlọ́ọ̀kù láti etí títì? Ta ló máa háyà pákó tí wọ́n fi ń da líńtẹ̀lì? Ta ló máa ra omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga bá gbẹ? Bíríkìlà á ní òun kò kà á mọ́ ọn, ìyá á ní òun rò pé ó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Owó tí a ń pè ní òjijì yìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, a kò kàn béèrè ni.

Ilẹ̀ náà ní owó tirẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ àkùrọ̀ nítorí pé kò wọ́n, ìpìlẹ̀ ló máa gba owó yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ wo ilẹ̀ lásìkò òjò kí ẹ tó sanwó. Àwọn ọmọ onílẹ̀ lè gba owó ìpìlẹ̀, kí wọ́n tún padà wá gba owó òrùlé. Ẹ béèrè ìyẹn níwájú ẹlẹ́rìí. Àwọn elétò ìlú sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí pílánì. Ẹni tí kò bá ka owó yẹn mọ́ ìnáwó rẹ̀, ọ̀dà pupa "STOP WORK" lára ògiri ló máa rán an létí.

Sìmẹ́ǹtì ló wá ba ọ̀pọ̀ àdéhùn jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àpò kan wà ní nǹkan bí 5,000 náírà. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní 10,000 láwọn ibì kan, títí tí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, tí wọ́n fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000. Bíríkìlà tó ti gba owó ohun èlò àti owó iṣẹ́ pọ̀ ṣáájú, kí ni kó ṣe? Òmíràn á sá. Òmíràn á dín sìmẹ́ǹtì kù nínú búlọ́ọ̀kù, èyí sì burú ju kó sá lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni olè o.

Èrò tiwa ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa ra ohun èlò fúnra rẹ̀, kó san owó iṣẹ́ nìkan fún bíríkìlà. Bí ọjà bá wọ́n, ẹ̀yin lẹ máa rù ú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní dìjà. Ta ló sì mọ ọjà rà tó wa? Ẹ wo ara àpò: láti ọdún 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, ti sọ pé 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, pé 42.5 ni kí wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù àti òpó. Ẹ wọn irin kí ẹ tó rà á, torí ohun tí wọ́n ń pè ní 12mm, òmíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, ẹ ka àpò òfìfo. Bí àpò mẹ́wàá bá jáde láàárọ̀, tí ẹ rí méje, ẹ béèrè mẹ́ta.

Àwọn kan á ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà làwọn àti bíríkìlà jọ ń lọ, àbí ọmọ àbúrò bàbá àwọn ni. Oko kì í ṣáà jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Ojú ewé kan ní Yorùbá tó: ohun tó máa ṣe, ohun tí kò sí nínú rẹ̀, iye tí ẹ máa san bó bá parí ìpele kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó máa parí. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i.

Ohun tí a fẹ́ gbé wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò nìyí: kí ẹni tó bá fẹ́ yá owó alájẹṣẹ́kù kọ́lé mú ìwé àdéhùn yìí dání kí a tó yá a. Àwọn kan á bínú pé ẹgbẹ́ ń tojú bọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n owó gbogbo wa ni, àwọn onídùúró ló sì máa san án bí ilé bá dúró sí líńtẹ̀lì. Ẹ ronú sí i kó tó di ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí bíríkìlà wà lẹ́nu iṣẹ́ fún báyìí, kó má dúró de ìpàdé. Kó lọ ka àpò lónìí.