Kí Kíláàsì Karùn-ún Jẹ́ Ọdún Ìtàn

Ní Atlanta, kíláàsì karùn-ún ni ọmọ fi ń kádìí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá ni wọ́n nígbà náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó wà níbí ń bèèrè nípa ọdún náà kò ju méjì lọ: ṣé ọmọ mi mọ ìwé kà dáadáa, ṣé ó mọ ìṣirò? Ìbéèrè tó tọ́ ni, torí pé òfin Georgia so ìgbéga ọmọ sí kíláàsì kẹfà mọ́ ìdánwò nínú iṣẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ìtàn ló yẹ kó jẹ́ òpó tí ẹ̀kọ́ ọdún náà dúró lé, kí ìwé kíkà àti ìwé kíkọ sì máa tipa ìtàn yẹn dàgbà.

Èyí kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni hùmọ̀ ẹ̀kọ́ tuntun. Ìlànà ẹ̀kọ́ Georgia ti ya ọdún karùn-ún sọ́tọ̀ fún ìtàn Amẹ́ríkà láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá gbilẹ̀ títí dé ayé òde òní: ogun àgbáyé méjèèjì, ìdẹnukọlẹ̀ ọrọ̀ ajé àti àìríṣẹ́ṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ìdájọ́ Brown ní 1954 lórí ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun ní ilé-ẹ̀kọ́, ìwọ́de ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Washington ní 1963. Àmọ́ ní 2020, ìpínlẹ̀ fi òfin yọ ìdánwò social studies, iṣẹ́ tí ìtàn wà nínú rẹ̀, kúrò ní kíláàsì náà. Ó ku ìwé kíkà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èmi kò ní kí wọ́n dá ìdánwò padà. Èyí tó wà lọ́rùn àwọn ọmọ wọ̀nyí ti tó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kò ní dán ọmọ wò lé lórí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé lára àkókò rẹ̀ bí ọjọ́ ìdánwò bá ti ń súnmọ́.

Wọ́n á ní ọmọ tí kò mọ ìwé kà kò lè ka ìtàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìwé kíkà fúnra rẹ̀? Ọmọ tí kò gbọ́ nípa òfin ìyàsọ́tọ̀ rí lè ka ojú ìwé kan nípa Rosa Parks láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè, kó má sì mọ ìdí tí wọ́n fi mú obìnrin torí pé ó kọ̀ láti dìde lórí àga bọ́ọ̀sì. Ní 2020, àjọ aṣèwádìí ẹ̀kọ́ Fordham gbé ìwádìí kan jáde tó tẹ̀lé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà láti jẹ́lé-ó-sinmi dé kíláàsì karùn-ún. Àwọn tó ní àfikún àkókò fún social studies lójúmọ́ tẹ̀síwájú nínú ìwé kíkà. Àfikún àkókò fún ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò mú irú èso bẹ́ẹ̀ wá. Lára àwọn tó jèrè rẹ̀ jù ni ọmọ ilé tí wọn kì í ti í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí kan ṣoṣo kò lè parí ẹjọ́, nǹkan méjì sì lè máa rìn pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Síbẹ̀, òbí tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá nílé yẹ kó fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Atlanta náà sì ti rí ibi tí máàkì nìkan ń sin ènìyàn lọ. Ní oṣù Keje 2011, ìwádìí tí gómìnà pa láṣẹ fi hàn pé èrú wọ ìdánwò ọdún 2009 ní ilé-ẹ̀kọ́ 44 nílùú yìí, ó sì ka olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ 178 mọ́ ọn. Wọ́n ń pa ìdáhùn tí ọmọ kọ rẹ́, wọ́n ń fi èyí tó tọ̀nà rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2015, ilé-ẹjọ́ dá àwọn mọ́kànlá lẹ́bi. Àwọn ọmọ ni wọ́n ṣẹ̀ jù, torí pé ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ kò rí i gbà mọ́: ìwé ti sọ pé ó mọ̀ ọ́n. Nàìjíríà náà ti tọ́ irú àṣìṣe mìíràn wò. Ìjọba yọ ìtàn kúrò lára iṣẹ́ tó dá dúró fún àwọn ọmọ kéékèèké ní sáà 2009 sí 2010, ìgbà tó sì di 2018 ni wọ́n pàṣẹ kó padà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ kọjá ní ilé-ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé a kọ́ wọn ní ìtàn ilẹ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìtàn yìí ti wúwo jù fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, pé yóò gbin ìkórìíra sí i lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ruby Bridges nígbà tó gba àárín èrò tó ń bú u kọjá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní New Orleans ní 1960. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá lè fara da irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kà nípa rẹ̀. Àwọn olùkọ́ míì sì ń bẹ̀rù òfin tí Georgia ṣe ní 2022 lórí kíkọ́ni nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Òfin náà ti fa ẹ̀rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kò ka kíkọ́ni nípa oko ẹrú àti ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀, bí a bá ṣe é bó ti yẹ. Olùkọ́ tó bá mọ gbólóhùn yẹn yóò mọ ilẹ̀ tí òun dúró lé.

Ohun tó yẹ kí ọmọ kọ́ nínú ìtàn ju ọjọ́ àti orúkọ lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n àrọ́bá fẹ́ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló sọ ọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀? Kí ni ẹlòmíì sọ? Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní Atlanta tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé ìròyìn, wọ́n ka ohun tí wọ́n ń fi dù wọ́n: ilé-ẹ̀kọ́ tó dáa, ilé gbígbé, iṣẹ́, ilé ìwòsàn, ìdìbò. Gómìnà Ernest Vandiver bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ó ní kò jọ ohun tí wọ́n kọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan ní Georgia. Ọjọ́ kẹfà sí i ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún òyìnbó nìkan. Ẹ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn àti èsì gómìnà síwájú ọmọ ọdún mẹ́wàá, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí tó gbà gbọ́ àti ìdí rẹ̀. Ìwé kíkà nìyẹn, ìwé kíkọ nìyẹn, ìrònú sì ni.

Ó ku àtakò tó súnmọ́ wa jù, pé ìtàn àwọn ẹlòmíì ni gbogbo èyí, pé ti Odùduwà ni tiwa. Èmi náà fẹ́ kí ọmọ wa mọ Odùduwà, kó mọ ìlú Ìbàdàn àti ìdílé Kútì, kó mọ̀ pé ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìtàn Amẹ́ríkà náà kàn wá: kí òfin ọdún 1965 tó dé, òfin ìwọlé Amẹ́ríkà ti ṣe ojúsàájú fún àwọn ará Yúróòpù, ilẹ̀kùn tó ṣí fún Áfíríkà kò tó nǹkan. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò; oṣù Kẹwàá tó tẹ̀ lé e ni òfin tuntun tó fọ́ ojúsàájú yẹn. Ìjà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kan náà ló fún òfin méjèèjì lágbára, òfin kejì sì ni púpọ̀ nínú wa gbà wọlé. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Atlanta tí kò mọ èyí kò mọ bí bàbá rẹ̀ ṣe dé ibi tó bí i sí.

Oṣù Kẹjọ ni ilé-ẹ̀kọ́ ń wọlé níbí. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lọ sí kíláàsì karùn-ún, ẹ má bèèrè nípa máàkì nìkan. Ẹ bi olùkọ́ pé wákàtí mélòó lọ́sẹ̀ ló wà fún ìtàn, kí ẹ sì tún bèèrè ní oṣù Kẹta bóyá wákàtí náà ṣì pé.