Babalọlá fi owó oṣù sílẹ̀. Ta ló ń wọ yunifásítì rẹ̀?

Ní 1928, ọmọ ọdún 24 ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì ló ń wà nítòsí Ìkejì-Arákeji nígbà tó ní òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Ó fi iṣẹ́ àti owó oṣù sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1930, èrò ti ń rọ́ wá bá a n'Íléṣà. Àdúrà àti omi lásán ló fi ń ṣiṣẹ́.

Láti 2006 ni yunifásítì tí ìjọ CAC fi orúkọ rẹ̀ sọ ti wà ní Ìkejì-Arákeji yẹn gan-an. Ti aládàáni ni, owó la fi ń wọ ibẹ̀. Èmi ò bá wọn jà pé wọ́n kọ́ ọ o. Olùkọ́ ń gba owó oṣù, jẹnẹrétọ̀ ń mu dísẹ́ẹ̀lì (ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń tà á báyìí). Ohun tó ń dùn mí ni ti ìyá aláta tó ń dá ìdámẹ́wàá déédéé, tí kò sì lágbára láti rán ọmọ ẹ̀ lọ síbẹ̀.

Tí pásítọ̀ bá tún dìde pé káwọn ọ̀dọ́ fi ayé wọn fún Ọlọ́run bíi ti Babalọlá, ìbéèrè kan péré ni mo ní: ọmọ ìjọ mélòó ló ń kàwé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún yìí? Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ká rí i kà.