Ìwé Ẹ̀rí Nìkan Kò Tó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aláìsàn Tí Kò Lè Mí Délẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni ìwé ẹ̀rí. Àkísà ni ohun tí ojú ti rí àti ohun tí ọwọ́ ti ṣe. Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tí ó ń gbé ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Pọ́táákọ́tù ni ó ti forí ṣe, tí ó fọrùn ṣe, kí ọmọ wọn lè ka ìwé ìtọ́jú aláìsàn. Ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ìyá á ró aṣọ, bàbá á ya fọ́tò, ẹbí á jó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ náà bá kọ́kọ́ dá nìkan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹni tí kò lè mí délẹ̀ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà ni ó yẹ kí ìjọba, àwọn alákòóso ilé-ìwòsàn àti àwọn òbí fi ọkàn sí.

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ìtọ́jú èémí jẹ́ iṣẹ́ kan tí ó dá dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ á lo ọdún 2, ó kéré tán, lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, á sì ṣe ìdánwò. Fífún aláìsàn ní ọ́síjìn, fífa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò lọ́nà ọ̀fun, àti ṣíṣọ́ ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn mí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn onífisiotẹ́rápì àti àwọn dókítà, pàápàá àwọn tí ń kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ni wọ́n pín iṣẹ́ yìí láàrin ara wọn. Nígbà tí ó bá di òru, tí dókítà kan ṣoṣo ń sáré láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ó sábà máa ń kù sí. Nọ́ọ̀sì náà sì lè jẹ́ ẹni tí kò tíì pé oṣù 3 tí ó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ èémí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ń dúró di ọ̀la. Egbò lè fara dà á di àárọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ tí kò bá rí ọ́síjìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Òtútù àyà ń bá àwọn ọmọdé jà, ikọ́ fée ń gbé àgbà dè, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ láti wákàtí àkọ́kọ́. Nígbà tí àrùn kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2020, gbogbo ayé ni ó wá mọ̀ pé gáàsì ọ́síjìn kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ṣùgbọ́n gáàsì kò lè fún ara rẹ̀ ní aláìsàn. Ọwọ́ ènìyàn ni yóò ṣí i, ojú ènìyàn ni yóò ṣọ́ ọ.

Kí ni wọ́ọ̀dù ń kọ́ni tí ìwé kò lè kọ́ni tán? Ẹ wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń há ọmọ ìka láti mọ bí ọ́síjìn ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwé sọ pé ìlera ni bí òǹkà bá wà láti 95 títí dé 100, àti pé ewu ni bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ju 90 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí, ó sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó tutù lè da òǹkà náà rú. Lààlì dúdú tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Hausa fi ń ṣe ọmọ ìka lọ́ṣọ̀ọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 fi hàn pé irú ẹ̀rọ yìí máa ń sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó, àti pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po 3 ti àwọn aláwọ̀ funfun. Nọ́ọ̀sì àgbà yóò ti wo ihò imú tí ń fẹ̀, egungun ìhà tí ń wọnú, ahọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ọmọ tí kò lè mu ọmú mọ́, kí ó tó wo òǹkà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ iye ọ́síjìn tí ó yẹ kí ènìyàn gbà. Ẹni tuntun lè rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti dára tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni àpọ̀jù rẹ̀ lè ba ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé jẹ́, ó sì lè ṣe ìpalára fún àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gbó nítorí sìgá tàbí èéfín. Bí iná mànàmáná bá sì lọ lójijì, tí ẹ̀rọ tí ń pèsè ọ́síjìn kú, níbo ni sìlíńdà wà? Níbo ni wọ́n fi irin tí wọ́n fi ń ṣí i sí? Kò sí olùkọ́ tí ó lè kọ ìdáhùn ìyẹn sójú pátákó.

Kì í ṣe pé akẹ́kọ̀ọ́ kò wúlò. Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà gidigidi ní ìlú Copenhagen ní ilẹ̀ Denmark. Nínú àwọn aláìsàn 31 àkọ́kọ́ tí àrùn náà dí èémí wọn, 27 ni ó kú láàrin ọjọ́ 3. Dókítà Bjørn Ibsen wá dábàá pé kí wọ́n dá ihò sí ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà láti ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bí 1,500 ni wọ́n pè, tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru. Ikú dínkù púpọ̀púpọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lè ṣe é nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kò ju agbára rẹ̀ lọ, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà sì wà nítòsí.

Ohun tí ó ń fẹ́ àtúnṣe ní Nàìjíríà nìyí. Dókítà tuntun ní ọdún kan tí yóò fi kọ́ṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn kí ó tó gba ìforúkọsílẹ̀ kíkún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ni ó bọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́nu iṣẹ́ tààrà. Níbi tí ọdún ìkọ́ṣẹ́ bá tilẹ̀ wà, ta ni ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tuntun? Ó yẹ kí ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan yan òṣìṣẹ́ àgbà kan, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, fún ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n dín aláìsàn tí àgbà náà ń tọ́jú kù, kí ó lè ráyè kọ́ni. Kí ẹni tuntun kọ́kọ́ máa wò, lẹ́yìn náà kí ó máa ṣe é lójú àgbà, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó dá ṣe é. Kí wọ́n má sì fi ẹ̀rọ amúnimí lé e lọ́wọ́ lóru àkọ́kọ́.

Àwọn kan yóò ní òṣìṣẹ́ kò tó, àwọn tí ó wà ń lọ sí òkè òkun, ta ni yóò wá jókòó kọ́ ọmọdé? Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ó yẹ kí ó mú wọn ṣe é. Ní ọdún 1974 ni Marlene Kramer, ọ̀mọ̀wé nọ́ọ̀sì kan ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí ìpayà tí ń bá nọ́ọ̀sì tuntun nígbà tí ó bá rí i pé ohun tí wọ́n kọ́ òun àti ohun tí òun bá lẹ́nu iṣẹ́ kò bára mu, àti bí ó ti ń lé wọn kúrò nínú iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ lóun nìkan, tí aláìsàn sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ní pẹ́ sá. Alágbẹ̀dẹ pàápàá kì í fi owú lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó sì lọ sùn.

Àwọn Yorùbá tí ó wà lẹ́yìn odi náà ní ipa tiwọn. Ọmọ tí ó ti Òṣogbo wá ṣiṣẹ́ ní Kánò, tí kò mọ̀ pé numfashi ni àwọn Hausa ń pe èémí, yóò fi etí gbọ́ igbe aláìsàn láìgbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdílé tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ lè gbà á sílé, kí wọ́n kọ́ ọ ní èdè ìlú náà. Bí ọmọ bá sì dé láti ibi iṣẹ́ òru, tí ó ní ẹ̀rù ba òun, kí òbí má ṣe pè é ní ojo. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó béèrè ni ewu.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọdé ń mú ìmọ̀ tuntun bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́, àgbà ní ojú tí ó ti rí nǹkan. Kí ìjọba àti àwọn alákòóso ilé-ìwòsàn fi àwọn méjèèjì síbi kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ilé tí a ó ti gbé aláìsàn tí ó kàn wá.