Òkun Kò Mọ Ààlà: Ẹ̀kọ́ Tí Òkun Pupa Kọ́ Àwọn Aládùúgbò

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn orílẹ̀-èdè tí òkun kan náà dà pọ̀ mu púpọ̀. Olúkúlùkù wọn ní ìjọba tirẹ̀, owó tirẹ̀ àti ọlọ́pàá tirẹ̀, ṣùgbọ́n epo tí ó bá dà sí omi ní etílé ọ̀kan kì í gba ìwé ìrìnnà kí ó tó dé etílé èkejì. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin jàmáà wa, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ọjà yín ń gba ojú omi wọlé, pé kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Òkun Pupa, nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan àwa náà ní etíkun tiwa.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà ni wọ́n ti fi ojú ara wọn rí òkun yìí ní Jiddah. Ní ayé àtijọ́, kí ọkọ̀ òfurufú tó dé, àwọn tí wọ́n ń gba ilẹ̀ Haúsá àti Súdáànì lọ sí Hájì kò lè dé ibẹ̀ láìwọ ọkọ̀ ojú omi sọdá rẹ̀. Òkun tóóró ni. Ní ìhà gúúsù, níbi tí à ń pè ní Bab el-Mandeb, kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ láti èbúté Áfíríkà sí ti Arébíà. Omi rẹ̀ kì í tètè bá ti òkun ńlá ṣe pàṣípààrọ̀, nítorí náà ìdọ̀tí tí ó bá wọ inú rẹ̀ a máa pẹ́ níbẹ̀. Etí rẹ̀ sì ni àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tí ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun wà. Láti Shuaibah ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fa omi bẹ́ẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, Jiddah àti Taif. Bí a bá yọ omi Zamzam kúrò, púpọ̀ nínú omi tí àwọn àlejò Ọlọ́run fi ń ṣe àlùwàlá nílé tí wọ́n wọ̀ sí, omi òkun ni tẹ́lẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá ba òkun náà jẹ́, inú àmù Mẹ́kà ni ó da ẹ̀gbin sí.

Àwọn ará etí òkun yìí kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ní oṣù kejì ọdún 1982 wọ́n pàdé ní Jiddah, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn yóò jùmọ̀ dáàbò bo omi náà. Wọ́n so ìwé mìíràn mọ́ ọn lórí epo tí ó bá dà lójijì: kí ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí kígbe sí àwọn yòókù, kí àwọn yòókù sì sáré wá ràn án lọ́wọ́. Ní 1995 wọ́n kéde àjọ kan tí à ń pè ní PERSGA tí yóò máa mójú tó iṣẹ́ náà, Jiddah ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Orílẹ̀-èdè méje ni ó wà nínú rẹ̀: Djibouti, Íjíbítì, Jọ́dánì, Sàúdí Arébíà, Sòmálíà, Súdáànì àti Yẹ́mẹ̀nì. Eritrea, tí etíkun tirẹ̀ gùn dáadáa, kò sí nínú wọn. Ohun tí ó dára ni wọ́n ṣe, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò ń bọ̀.

Ọkọ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Safer. Ní 1976 ni wọ́n kàn án fún kíkó epo rọ̀bì. Nígbà tí ó di 1987, wọ́n sọ ọ́ di àká epo lórí omi ní Ras Isa, ní etíkun Yẹ́mẹ̀nì. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2015, àwọn Houthi ni wọ́n di agbègbè náà mú, kò sì sí ẹni tí ń tún ọkọ̀ náà ṣe mọ́. Epo tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ àgbá mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ méje (1,140,000), ó tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí ọkọ̀ Exxon Valdez dà sí omi Alaska ní 1989. Ìpẹtà ń jẹ ara ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ epo gbiná ti kú. Ní oṣù karùn-ún 2020 omi òkun já wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, ó ku díẹ̀ kí ó kó bá gbogbo wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bí ọkọ̀ náà bá fọ́, gbígbá epo náà nìkan yóò gba ogún bílíọ̀nù dọ́là (20,000,000,000), àti pé iṣẹ́ òòjọ́ ènìyàn bí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá (200,000) tí ń fi ẹja jẹun yóò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èbúté Hodeidah, tí púpọ̀ nínú oúnjẹ Yẹ́mẹ̀nì ń gbà wọlé, ìbá tì pa, ebi ìbá sì kún ogun.

Níbo ni àdéhùn 1982 wà ní gbogbo àkókò yìí? Ó wà nínú àpótí. Yẹ́mẹ̀nì fọwọ́ sí i, Sàúdí fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Sàúdí ni ó ṣíwájú àwọn tí ń bá àwọn Houthi jà. Ẹni tí ó yẹ kí ó gbé korobá omi wá panápaná ni ẹni tí a kò lè jẹ́ kí ó wọ agbo ilé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ó wá di alágbàwí. Ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń dúnàádúrà kí àwọn Houthi tó fọwọ́ sí ìwé ní oṣù kẹta 2022. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó kiri ayé. Ìjọba Sàúdí fi mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là sílẹ̀. Nẹ́dálándì, Jámánì àti Amẹ́ríkà dá tiwọn. Owó kò pé síbẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n nawọ́ sí gbogbo ayé, tí tálákà àti olówó ń dá ohun tí agbára wọn ká. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí: iléeṣẹ́ àwọn oníṣòwò Yẹ́mẹ̀nì kan, Hayel Saeed Anam, ṣèlérí mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá (1,200,000) dọ́là, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí èbúté bá tì, ṣọ́ọ̀bù náà yóò tì.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ra ọkọ̀ mìíràn, wọ́n sì fa epo náà bọ́ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ 25 oṣù keje títí di ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2023. Kò sí epo tí ó dà tí ó tó nǹkan. Alihamdulilahi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà ti í ṣírò. Owó tí wọ́n ná kò tó dọ́là kan nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tí ìbàjẹ́ náà ìbá jẹ. Síbẹ̀ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi lo ẹ̀mí ara wọn bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́ kí wọ́n tó rí i ná. Kì í ṣe pé kò sí owó. Kò sí owó tí a ti yà sọ́tọ̀ ṣáájú ni, kò sì sí ẹni tí gbogbo ìhà fọkàn tán tí a ti yàn ṣáájú.

Àwọn kan lè sọ pé àdéhùn kò wúlò nígbà náà, níwọ̀n ìgbà tí ìbọn bá ti ń dún. Wọn yóò nawọ́ sí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Láti ìparí 2023 ni àwọn Houthi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọkọ̀ oníṣòwò níbọn lórí omi kan náà. Ní oṣù kẹta 2024 ọkọ̀ Rubymar rì pẹ̀lú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún (21,000) tọ́ọ̀nù ajílẹ̀ nínú. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà iná sọ lára ọkọ̀ Sounion, tí ó ru epo bíi mílíọ̀nù kan àgbá; Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n tí wọ́n fi rí i fà kúrò kí ó tó fọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yí gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà, owó ìkẹ́rù sì gòkè káàkiri ayé. Èrò tiwa ni pé gbogbo èyí kò sọ pé kí a fa àdéhùn ya. Ohun tí ó ń sọ ni pé nígbà tí àlàáfíà wà ni a ń di òkùn ọkọ̀, kì í ṣe nígbà tí ìjì bá dé.

Ànábì wa ti fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wa tipẹ́, nígbà tí ó ṣe àkàwé àwọn èrò inú ọkọ̀ kan. Àwọn kan wà lókè, àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ rò pé àwọn lè lu ihò sí apá tiwọn kí àwọn lè máa rí omi pọn láìyọ àwọn ará òkè lẹ́nu. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí a bá dá wọn lọ́wọ́ kọ́, gbogbo wọn ni yóò là. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ihò náà kò sí ní yàrá tòun.

Ó wá ku tiwa. Àwa náà ní àdéhùn. Ní 1981, ọdún kan ṣáájú ti Jiddah, wọ́n fọwọ́ sí irú rẹ̀ ní Abidjan fún etíkun tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Mauritania dé Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà wà nínú rẹ̀. Àwa náà sì ti rí ìdánwò. Ní 1988 àṣírí tú ní Koko, ní Bẹ́ńdẹ̀lì ìgbà náà, pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé láti Ítálì wá da sí àgbàlá ẹnì kan. Ní 2006 ọkọ̀ Probo Koala gbé ìdọ̀tí olóró dé ìtòsí Èkó, kò rí i já síbẹ̀, ó bá kọjá lọ sí Abidjan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dà á káàkiri ìlú, tí ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000) ènìyàn tí ó sáré lọ gba ìtọ́jú, tí àwọn mìíràn sì kú. Ìjà tí kò jà ní ilé wa lọ jà ní ilé ará wa. Bí aládùúgbò bá lé olè kúrò lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, tí kò kígbe sí ilé kejì, àdúgbò náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ olè.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ kò ṣòro. Kí ìjọba wa àti ti àwọn tí ó múlé tì wá ya owó kan sọ́tọ̀ tí a kò ní í fi ọwọ́ kàn àfi lọ́jọ́ tí epo tàbí májèlé bá dà sí omi. Kí èbúté Èkó, Kútọnu, Lọ́mẹ̀ àti Tẹmà máa ta ara wọn lólobó nípa ọkọ̀ tí a bá ti fura sí, ní ọjọ́ náà gan-an. Kí wọ́n máa fi iṣẹ́ náà dánra wò pọ̀, kí ẹnu má baà máa gbọ̀n nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ ń wá ìbò wa, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ẹ ti ṣe lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà ẹja, ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹrù ní èbúté, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ máa ń rí i bí omi bá yí àwọ̀ padà. Ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ̀yin lemọ́mù wa náà, ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún wáàsí ọjọ́ Jímọ̀ kan. A kì í dúró kí ọkọ̀ rì kí a tó béèrè ẹni tí ó lu ihò.